Owó Kékeré, Àṣẹ Ńlá: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí John Carpenter, Olùdarí Fíìmù Ẹlẹ́rù

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níwájú, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ fíìmù, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ kún gbọ̀ngàn yìí dé ẹnu ọ̀nà, mo kí yín. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí olùdarí fíìmù kan tó láyà, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló rò pé ọmọ ilé wa ni n óò mú. Ẹ fi orí jì mí. Ọmọ Amẹ́ríkà ni ẹni tí mo mú, ṣùgbọ́n ohun tó mú mi mú un kò jìnnà sí ìgboro Ìbàdàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ eégún ni n óò fi ṣí i.

Ta ni wọ́n bí sí Ìbàdàn tí kò mọ Olóòlù? Kó tó yọ sí àdúgbò ni àwọn obìnrin ti ń kó wọlé, tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́. Ohun tí wọ́n ń sá fún, ojú wọn kò tó o rí. Ìlù ni wọ́n ń gbọ́, ariwo àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń gbọ́, ọkàn wọn ló sì ń ṣe ìyókù. Ẹni tó bá ti jókòó sínú yàrá bẹ́ẹ̀ rí, tàbí tí ìyá rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún un, ti lóye ìdajì iṣẹ́ John Carpenter kó tó wo fíìmù rẹ̀ kankan.

Ní ọdún 1978, Tommy Lee Wallace, tó ń bá Carpenter ṣètò ibi eré, lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ìbòjú, ó sì ra ojú rọ́bà kan tí wọ́n ṣe ní àwòrán William Shatner, òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ sí Captain Kirk lórí tẹlifíṣọ̀n. Owó rẹ̀ kò tó dọ́là méjì. Wọ́n fẹ ihò ojú rẹ̀, wọ́n da irun rẹ̀ rú, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ojú náà kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, kò sì sunkún. Ẹni tó bá ń wò ó kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, nítorí náà ohun tó bá ń ba olúwarẹ̀ lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ni yóò fi sójú yẹn fúnra rẹ̀. Apànìyàn tó wọ ìbòjú náà ní orúkọ nínú ìtàn, Michael Myers, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn òṣèré sí, The Shape ni wọ́n kọ, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé nǹkan kan ṣáà dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń gbé eégún jáde nílùú yìí mọ ọgbọ́n yẹn tipẹ́tipẹ́.

Fíìmù tí mo ń sọ ni Halloween. Kí n tó wọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọkùnrin náà ti wá.

Ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1948 ni wọ́n bí i, ní ìlú Carthage ní ìpínlẹ̀ New York, ṣùgbọ́n Bowling Green ní ìpínlẹ̀ Kentucky ló dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní orin. Ẹ di ọ̀rọ̀ bàbá yìí mú dání. Fíìmù kábọ́ọ̀ì ni ọmọ náà kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́, irú èyí tí àwọn bàbá wa náà máa ń sanwó wọlé lọ wò ní sinimá ìgboro nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, tí wọn yóò sì máa rìn bíi John Wayne bọ̀ wálé. Olùdarí tó fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Howard Hawks. Ó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní Yunifásítì Southern California ní Los Angeles, ibẹ̀ ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣe fíìmù kúkúrú kan, The Resurrection of Broncho Billy, ní ọdún 1970. Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Carpenter wà lára àwọn tó kọ ọ́, òun ló gé e, òun ló sì ṣe orin rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó gbé fíìmù náà jáde ni wọ́n fi ère náà lé lọ́wọ́. Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà náà ni iṣẹ́ mẹ́ta ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Dark Star ló tẹ̀ lé e, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wú títí ó fi di fíìmù gbọọrọ tó jáde ní ọdún 1974, pẹ̀lú owó bíi 60,000 dọ́là. Àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ayé ti sú ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dá àjèjì kan sì ń dà wọ́n láàmú, bọ́ọ̀lù rọ́bà ńlá tí àwọn ọmọdé ń gbá létí òkun sì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀dá náà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dan O'Bannon, tí òun àti Carpenter jọ kọ ọ́, kò gbàgbé ẹ̀rín náà. Òun ló padà kọ ìtàn Alien, èyí tó jáde ní ọdún 1979, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ẹ̀dá tinú ìyẹn.

Níbi Assault on Precinct 13, ti ọdún 1976, ni mo ti kọ́kọ́ rí àyà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Àgọ́ ọlọ́pàá kan tó fẹ́ kógbá wọlé ni, ọ̀pọ̀ ọmọ ìta yí i ká lóru, ọlọ́pàá àti ẹlẹ́wọ̀n sì ní láti jọ gbèjà ara wọn. Ìtàn kábọ́ọ̀ì ni, aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún un. Carpenter kò tilẹ̀ fi í pa mọ́, nítorí nígbà tó ń kọ orúkọ ẹni tó gé fíìmù náà, John T. Chance ló kọ, ìyẹn orúkọ tí John Wayne jẹ́ nínú Rio Bravo tí Hawks darí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí ni ọmọdébìnrin kan ti lọ ra áísìkirîmù, tí wọ́n fún un ní èyí tí kò fẹ́, tó padà lọ pààrọ̀ rẹ̀, tí ọmọ ìta kan sì yìnbọn lù ú láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó ń fi òǹtẹ̀ lu fíìmù ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ọ́. Ohun tí wọ́n ròyìn ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi hàn wọ́n, wọ́n sì fi sílẹ̀ nínú èyí tí wọ́n gbé lọ sí sinimá. Mo ti ronú lórí ibi yẹn dáadáa, mi ò sì lè sọ pé ó dùn mọ́ mi. Bó bá jẹ́ pé èmi ni, bóyá n kò ní yà á. Síbẹ̀, láti ibẹ̀ lọ, kò sí òǹwòran tó tún lè jókòó pẹ̀lú ìdánilójú pé olùdarí yìí yóò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Àwọn ará London ló kọ́kọ́ mọyì fíìmù náà, nígbà tí wọ́n fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù wọn ní ọdún 1977. Àwọn ará ilé rẹ̀ kò kà á sí.

Ó wá ku Halloween. Irwin Yablans, oníṣòwò fíìmù kan, ló mú èrò rẹ̀ wá, ó fẹ́ fíìmù nípa ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń bá ni tọ́jú ọmọ lálẹ́. Moustapha Akkad ló náwó sí i, owó tó lé díẹ̀ ní 300,000 dọ́là. Mo fẹ́ kí ẹ dúró lórí orúkọ yẹn díẹ̀. Ọmọ ìlú Aleppo ní Síríà ni Akkad, òun kan náà sì ni ó darí The Message ní ọdún 1976, fíìmù ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí kò ṣàjèjì sí àwọn ìdílé Mùsùlùmí ìlú yìí. Ọwọ́ kan náà ló wà nídìí méjèèjì.

Bí Carpenter ṣe dúnàádúrà rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí dá lé. Ó gba 10,000 dọ́là péré fún kíkọ ìtàn, dídarí eré àti ṣíṣe orin rẹ̀, pẹ̀lú ìpín nínú èrè bí èrè bá wà. Àmọ́ ó ní kí orúkọ òun wà lókè orúkọ fíìmù, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan fíìmù náà lẹ́yìn tí òun bá ti gé e tán. Àwọn olówó gbà, nítorí pé ẹni tó gba owó táṣẹ́rẹ́ kò dà bí ẹni tó ń bèèrè ohun tó pọ̀. Ní tèmi, kò sí ohun tó béèrè láyé rẹ̀ tó wọ́n tó ìyẹn.

Òun àti Debra Hill ni wọ́n jọ kọ ọ́, Hill ló sì gbé e jáde. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà, tó dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọbìnrin gidi, ọwọ́ Hill ló ti wá. Jamie Lee Curtis, tí kò tíì ṣe fíìmù kankan rí, ni wọ́n fi ṣe olú-ẹ̀dá-ìtàn. Nǹkan bí ọjọ́ 20 ni wọ́n fi yà á, ní South Pasadena ní California, ìgbà ìrúwé sì ni, nígbà tí gbogbo igi tutù yọ̀yọ̀, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, alẹ́ ọdún Halloween, nígbà tí ewé máa ń wọ́ lọ́hùn-ún, ni ìtàn náà wáyé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kun ewé ní ọ̀dà, wọ́n dà á sílẹ̀, wọ́n yàwòrán, wọ́n tún ṣa ewé náà padà sínú àpò láti lọ dà á síbòmíràn. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí igi ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé nínú fíìmù tí wọ́n ní Illinois ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ya "Èkó" ní Àkóbọ̀ rí, ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

(Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá kan náà, ní ọdún 1959, ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílùú Ìbàdàn yìí, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Kò kan ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n n kò lè gbà kí ọjọ́ náà kọjá lẹ́nu mi kí n má sọ ọ́.)

Apá ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù náà ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Kámẹ́rà ń rìn lọ yí ilé kan ká, ó wo ojú fèrèsé, ó wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó gun àtẹ̀gùn, ó dà bí ẹni pé wọn kò gé e rárá fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin, ojú apànìyàn ni àwa náà sì fi ń wò. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ìbòjú lójú ẹni tí a ti ń bá rìn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Láti ìgbà náà lọ, Carpenter àti Dean Cundey tó ń ya àwòrán lo férémù tó fẹ̀ gan-an, irú èyí tí wọ́n máa ń lò fún fíìmù olówó ńlá, wọ́n fi ọmọbìnrin náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo yẹn ló ń dẹ́rù bà wá. Ojú wa kò kúrò níbẹ̀. Nígbà mìíràn, nǹkan funfun kan á yọ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà mìíràn, kò sí ohun tí yóò yọ, ìyẹn sì burú jù. Ẹ̀jẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀ nínú fíìmù náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá fara wé e lẹ́yìn náà ló rò pé ọ̀bẹ ló ta fíìmù yìí, wọ́n wá ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ bí omi.

Carpenter fi fíìmù náà han ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ fíìmù ńlá kan nígbà tí orin kò tíì sí nínú rẹ̀, ẹ̀rù kò sì bà á rárá. Carpenter bá lọ jókòó, ọjọ́ bíi mẹ́ta ló sì fi ṣe orin rẹ̀. Ibí yìí ni bàbá tí mo ní kí ẹ dì mú ti wọlé. Nígbà tí Carpenter wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ fi ìlù báńgò kọ́ ọ ní ìlù oníkíkà márùn-ún, òun ló sì gbé sórí dùùrù fún fíìmù yìí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ dùndún, ẹ mọ̀ pé nínú ìlù tó bá dára, ẹsẹ̀ onijó máa ń mọ ibi tí yóò balẹ̀. Nínú orin yìí, bí ẹ bá ka méjì-méjì, ẹsẹ̀ kan yóò ṣẹ́kù tí kò ríbi balẹ̀ sí. Bí ẹ bá tún ìkà bẹ̀rẹ̀, orin ti kọjá lọ. Kò sí ohun tó ṣòro nínú rẹ̀ ju ìyẹn lọ, ọmọ tó ń kọ́ dùùrù lè tẹ̀ ẹ́. Fíìmù náà pa nǹkan bí mílíọ̀nù 70 dọ́là káàkiri àgbáyé.

N kò ní pẹ́ lórí The Fog ti ọdún 1980, àyàfi láti sọ pé nígbà tí Carpenter wo ohun tó yà, tó rí i pé kò dára, kò tan ara rẹ̀ jẹ. Ó padà lọ ya nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ tuntun. Escape from New York ti ọdún 1981 dùn mọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn náà sọ pé ìjọba ti sọ erékùṣù Manhattan di ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọkọ̀ òfuurufú ààrẹ sì já bọ́ síbẹ̀. Kò sí owó láti ba New York jẹ́, wọ́n bá lọ yà á ní St. Louis, níbi tí iná ti jó apá kan ìgboro ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Níbì kan, ẹ óò rí àwòrán kọ̀ǹpútà tó ń fi àwọn ilé ńláńlá hàn ní ìlà-ìlà tó ń tàn. Kọ̀ǹpútà tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ́n kọjá agbára wọn nígbà náà, wọ́n bá kan àwọn ilé kéékèèké, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà dúdú, wọ́n lẹ téèpù tó ń tàn mọ́ etí wọn, wọ́n sì gbé kámẹ́rà kọjá láàárín wọn. Ọwọ́ èèyàn ló ṣe kọ̀ǹpútà.

Bí mo bá dúró níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mi á rọrùn: owó kékeré, àṣẹ ńlá, iṣẹ́ rere. Àmọ́ fíìmù tí mo kà sí èyí tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, owó ńlá ni wọ́n fi ṣe é, ilé-iṣẹ́ Universal ló sì ni ín.

The Thing ni orúkọ rẹ̀, mílíọ̀nù 15 dọ́là sì ni wọ́n ná lé e. Látinú ìtàn kan tí John W. Campbell kọ ní ọdún 1938 ló ti jáde, ìtàn tí Hawks ti gbé fíìmù kan jáde látinú rẹ̀ ní ọdún 1951. Kódà fíìmù ti Hawks yẹn ni àwọn ọmọdé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n nínú Halloween. Ọkùnrin 12 wà ní ibùdó ìwádìí kan ní Antarctica, nínú yìnyín, ẹ̀dá kan tó ti wà lábẹ́ yìnyín láti ayébáyé sì dé sáàárín wọn. Ẹ̀dá náà lè di ẹnikẹ́ni. Ó máa ń jẹ èèyàn, á sì di onítọ̀hún, pẹ̀lú ohùn rẹ̀, pẹ̀lú ìrìn rẹ̀.

Ẹ rántí àlọ́ ọmọbìnrin tó kọ gbogbo ọkùnrin ìlú, tó wá tẹ̀ lé arẹwà kan kúrò lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń wọ igbó lọ ni arẹwà ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó yá a, ó dá apá padà, ó dá ọrùn padà, títí ó fi ku agbárí tó ń yí lọ nílẹ̀. Ìrora inú àlọ́ yẹn ni pé ẹni tí o rí, yíyá ló yá ara. Ṣùgbọ́n arẹwà ọjà, ó kéré tán, jẹ́ ẹni tó ń san gbèsè. Ẹ̀dá inú The Thing kì í dá nǹkan kan padà, ọmọbìnrin àlọ́ sì láǹfààní láti sá wálé, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kò níbi tí wọ́n lè sá lọ. Níbì kan, MacReady, tí Kurt Russell ṣe, so àwọn yòókù mọ́ àga, ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àwo, ó sì ń fi wáyà gbígbóná kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dá náà yóò sá fún iná bí ohun tó lẹ́mìí. Mo ti rí àgbà tí wọ́n mú búra nílé ìdílé nítorí ohun tó sọnù, mo sì mọ bí ojú gbogbo ilé ṣe máa ń rí títí ìbúra náà yóò fi tán. Ojú yẹn gan-an ni Carpenter yà.

Rob Bottin ló ṣe àwọn ẹ̀dá náà, kò ju ọmọ ọdún 22 lọ. Rọ́bà, wáyà àti ohunkóhun tó bá lè yọ̀ tàbí kó fà ni wọ́n ń lò. Ó ṣiṣẹ́ ju ọdún kan lọ láìsinmi, ó ń sùn níbi iṣẹ́, títí ó fi rẹ̀ ẹ́ débi tí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń ya inú ilé di yìnyín ní Los Angeles nígbà tí oòrùn ń jó níta, kí èémí lè máa yọ èéfín lẹ́nu àwọn òṣèré. Ennio Morricone ni wọ́n gbé orin fún, ó sì ṣe é kò pọ̀, bí ọkàn tó ń lù jẹ́jẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti Carpenter fúnra rẹ̀.

Ìparí fíìmù náà ni wọ́n ti bá a jà. Ibùdó ti jóná, MacReady àti Childs nìkan ló kù, wọ́n jókòó sínú òtútù, iná ń kú lọ, ẹnì kan kò mọ̀ bóyá ẹnì kejì ṣì jẹ́ èèyàn. Nígbà tí wọ́n fi í han àwọn òǹwòran fún ìdánwò, ẹnì kan bèèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ̀dá náà. Carpenter fèsì pé kí ó fi ọkàn ara rẹ̀ rò ó, onítọ̀hún sì sọ fún un pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òun kórìíra. Ó láǹfààní láti yí i padà, kò sì yí i. Fíìmù náà jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1982, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Blade Runner. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni E.T. ti Steven Spielberg ti jáde, ẹ̀dá àjèjì tó fẹ́ lọ sílé, tí àwọn ọmọdé ń gbé mọ́ra. Gbogbo Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún fún àjèjì rere ni, wọn kò ṣetán láti gba búburú. Àwọn alárìíwísí bú fíìmù náà bí ẹni tó jí owó ṣọ́ọ̀ṣì, owó tó sì pa ní Amẹ́ríkà kò ju bíi mílíọ̀nù 19 lọ. Firestarter, tí wọ́n ti gbé fún Carpenter láti darí, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Lónìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ń ka fíìmù ẹlẹ́rù tí wọ́n á gbójú fo The Thing. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló jí i dìde. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni èmi fi pàdé rẹ̀, ní ilé ẹ̀gbọ́n mi kan ní Mọ́kọ́lá. A yá a fún alẹ́ kan, iná sì lọ níbi ìdánwò ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó di pé ẹnì kan rí ìṣáná, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó sún mọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ yẹn, Carpenter ṣe fíìmù tí wọ́n bá gbé fún un. Christine jáde ní ọdún 1983, Starman sì jáde ní ọdún 1984, ẹ̀dá àjèjì rere nìyẹn, bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n yan Jeff Bridges fún àmì-ẹ̀yẹ Oscar lórí rẹ̀. Fíìmù tó wuyì ni, mi ò sì ní àríwísí sí i, ṣùgbọ́n n kò lè rántí ibi kan nínú rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè darí. Big Trouble in Little China ti ọdún 1986 ló parí ọ̀rọ̀ náà. Owó tó lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là ni wọ́n ná sí i, kò sì pa ju bíi mílíọ̀nù 11 lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara mi sí i: fíìmù náà dùn, àwàdà inú rẹ̀ sì jinlẹ̀, nítorí pé ọkùnrin tó ń pariwo pé òun ni akọni kò mọ nǹkan kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́.

Carpenter kó ẹrù rẹ̀ kúrò níwájú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ó lọ bá ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Alive Films, ó sì bá wọn ṣe irú àdéhùn ọjọ́sí: nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún fíìmù kọ̀ọ̀kan, kí àṣẹ wà lọ́wọ́ òun. Prince of Darkness jáde láti ibẹ̀ ní ọdún 1987, They Live sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1988.

They Live ni mo máa ń fi han àwọn tó bá sọ pé fíìmù ẹlẹ́rù kì í sọ òtítọ́. Lébìrà kan tí kò nílé, tí Roddy Piper tó jẹ́ ajìjàkadì ṣe, rí awò ojú dúdú kan. Bó ṣe fi í sójú, ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo pátákó ìpolówó hàn sí i: GBỌ́RÀN. RAJÀ. MÁ JÍ. Ara owó dọ́là, ohun tí wọ́n kọ ni pé èyí ni ọlọ́run rẹ. Àwọn olówó tó ń wọ kóòtù, ẹ̀dá tí egungun ojú wọn hàn síta ni wọ́n. Níbì kan nínú rẹ̀, ó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi awò náà wo ayé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì lu ara wọn fún ìṣẹ́jú tó lé ní márùn-ún lórí pé kí ẹnì kan ṣáà fi awò sójú. Ìjà náà gùn débi tó fi di ẹ̀rín, ó sì gùn kọjá ẹ̀rín. Olùdarí tí ọ̀gá wà lórí rẹ̀ ì bá ti gé e kù sí ìṣẹ́jú kan. Ìbínú Carpenter sí ìjọba Reagan àti àwọn tó ń fi owó wọn ẹlẹ́gbẹ́ ló fi ṣe fíìmù náà. Nígbà tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé àwọn Júù ló ń bá wí, ó jáde síta ní ọdún 2017 pé irọ́ ni, àwọn oníwọ̀ra tí kò níjàánu ni òun ń bá wí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gba abẹ́ afárá Mọ́kọ́lá kọjá, tí mo gbójú sókè wo àwọn pátákó tó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi máa ń lọ sí àpò bí ẹni tó ń wá awò.

Àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e kò dọ́gba. In the Mouth of Madness dára, mo sì rò pé àwọn èèyàn yóò tún padà sí i. Escape from L.A. ti ọdún 1996 ná owó tó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, idán kọ̀ǹpútà gidi wà nínú rẹ̀, ó sì burú lójú ju àwọn ilé tí wọ́n lẹ téèpù mọ́ lọ. Ghosts of Mars ti ọdún 2001 kò pa ju bí ìdajì owó tí wọ́n ná sí i lọ, ó sì rẹ Carpenter. Kò darí fíìmù gbọọrọ mìíràn títí di The Ward ní ọdún 2010, kò sì tíì darí òmíràn fún sinimá láti ìgbà náà. Àwọn kan ń pè é ní ìjákulẹ̀. Èmi rí ọkùnrin tó ti fi owó ra àṣẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó wá rí i pé ìpín èrè Halloween lè ra ìsinmi fún òun náà.

Ó padà sídìí orin. Ní ọdún 2015, ó gbé àwo orin jáde, Lost Themes, orin fíìmù tí kò ní fíìmù, ó sì ń káàkiri ìlú lẹ́yìn náà pẹ̀lú àwọn olórin rẹ̀, tí àwòrán látinú àwọn fíìmù rẹ̀ ń hàn lẹ́yìn wọn lórí pèpéle. Ní ọdún 2019, àwọn olùdarí fíìmù ilẹ̀ Faransé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Carrosse d'Or ní Cannes; ní ọdún 2025, wọ́n fi ìràwọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí sílẹ̀ lójú pópó Hollywood.

Nígbà tí wọ́n ṣe Halloween tuntun ní ọdún 2018, David Gordon Green ló darí rẹ̀, Jamie Lee Curtis sì padà wá. Orin ni Carpenter gbà láti ṣe. Cody, ọmọ rẹ̀, jókòó tì í, Daniel Davies tó jẹ́ ọmọ ìsàmì rẹ̀ mú gìtá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí ka márùn-ún.